Ewé Eéran Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ, àwọn tó ti ka Ìwé Kìíní tán

  Ẹ ti oko dé, ẹ ti ọjà dé, ó ti rẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹ tún jókòó ti ìwé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ni mo ń kọ́. Ọmọdé yóò ka ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀, kò ní béèrè ohun tí ó wúlò fún. Àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà á béèrè pé, "Tíṣà, kí ni ìwé yìí yóò ṣe fún mi?" Ìbéèrè rere ni. Nítorí náà, ohun tí gbogbo wa ń fọwọ́ kàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ewé ni. Ewé eéran ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ọ̀kan lọ: ewé tí à ń wá lọ sínú igbó, a lè gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bí a kò bá gbìn ín, ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò wá a tì.

IṢẸ́ TÍ EWÉ YÌÍ Ń ṢE

Ta ni kò mọ ewé eéran? A fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. A fi ń di ẹ̀kọ. A fi ń di àbàrí. Onírẹsì ń fi í bu ìrẹsì Ọ̀fàdà fún oníbàárà. Olóbì ń fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì rẹ̀ má baà gbẹ. Àwọn mìíràn ń la ọ̀pá ewé náà, wọ́n ń fi hun ẹní.

Ewé náà gbòòrò, ó sì lágbára. Bí a bá ká a bó ti yẹ, tí a da ẹ̀wà lílọ̀ sínú rẹ̀, kò ní jò. A gbé e ka iná, omi hó, kò ya. Òórùn dídùn rẹ̀ a sì wọ inú oúnjẹ. Nígbà tí a bá jẹun tán, a ju ewé sí ààtàn. Kò pẹ́ tí yóò fi jẹrà tí yóò sì padà di ilẹ̀.

Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tí a fi se mọ́ínmọ́ín lónìí, ọmọ ọmọ wa lè bá a nínú ilẹ̀. Ó ń dí ojú gọ́tà, àgbàrá kò rí ọ̀nà lọ, omi á wá wọ ilé. Ṣùgbọ́n n kò bá ẹni tó ń lo ọ̀rá tàbí agolo jà. Ó dé ọjà, ewé wọ́n. Ó tún lọ sí ọjà kejì, kò sí ewé rárá. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá fẹ́ kí a fi ọ̀rá sílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ewé wà.

IGBÓ Ń JÌNNÀ

Eéran kì í ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń gbìn. Igbó ló ń fún wọn. Igbó Oǹdó, igbó Ifẹ̀, igbó Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn ló ní in. Láti ilẹ̀ Sàró títí dé ilẹ̀ Kóńgò, ibi tí igbó bá ti dí tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa, a lè bá eéran níbẹ̀ lábẹ́ igi ńlá.

Ṣùgbọ́n igi ńlá kò pọ̀ mọ́. A la pákó nínú igbó, a fi igbó dá oko, a fi igbó kọ́ ilé. Kódà àwọn igbó tí ìjọba fi pamọ́, irú bí igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí a pààlà rẹ̀ ní 1925, àwọn agégi àti àwọn àgbẹ̀ ti wọ inú wọn. Nígbà tí igi bá wó, oòrùn á dé ilẹ̀, koríko á gba ibẹ̀, eéran á sì lọ. Kò fẹ́ oòrùn gangan.

Àwọn ìyá eléwé ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí. Ibi tí ìyá wọn ti ń gé ewé kí oòrùn tó ràn, àwọn ń rìn títí kọjá ibẹ̀. Wọ́n ń jí lọ ní òkùnkùn, wọ́n ń da ẹsẹ̀ lé ibi tí ọká àti paramọ́lẹ̀ sùn sí. Wọ́n ru ẹrù ewé bọ̀ ní ọ̀sán, ọrùn ń ro wọ́n. Nígbà mìíràn onílẹ̀ á lé wọn. Nígbà mìíràn wọ́n á dé ibi tí wọ́n mọ̀, wọ́n á bá a pé ẹlòmíràn ti gé gbogbo rẹ̀ tán, ọmọ àti àgbà.

Kí ló ń mú kí ènìyàn gé gbogbo rẹ̀ tán? Kì í ṣe ìwà búburú. Ó ń wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Bí èmi kò bá gé e, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi á gé e." Òótọ́ ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń kórè tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ, ìwọ ló ni ín. O lè gé díẹ̀ lónìí, kí o fi ìyókù sílẹ̀ di ọ̀la, ọkàn rẹ á sì balẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, òdòdó kan wà nínú igbó wọn tí wọ́n ń pè ní trillium. Abẹ́ igi ńlá ni ó ń gbé, bíi ti eéran. Ewé 3 ni ó ní lórí ọ̀pá kan, òdòdó rẹ̀ náà sì pín sí ọ̀nà 3. Ó dára lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà fi mú èyí tó funfun ṣe àmì ìpínlẹ̀ wọn ní 1937. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti ní in nínú ọgbà ilé wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbin kóró rẹ̀, ó lè gba ọdún 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọ òdòdó. Nítorí pé kò yá, àwọn kan ń lọ hú u nínú igbó láti tà á. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ọgbà níbẹ̀ fi ń kìlọ̀ pé: ẹ má hú u nínú igbó, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín, ẹ fi í sábẹ́ ibòòji, ẹ ní sùúrù. Wọ́n tún ń wí pé ẹni tó bá já ewé rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ebi pa ìdí rẹ̀, ó sì lè kú.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ewé jíjá yìí sọ́kàn. Yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Ẹ JẸ́ KÍ A MỌ OHUN TÍ A FẸ́ GBÌN

Eéran kò ní igi. Ohun tí à ń rí lókè, ọ̀pá ewé ni. Ara rẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó nà gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀ bí atalẹ̀, ó sì ní oríkèé. Láti ara oríkèé ni ọ̀pá ti ń yọ jáde: ọ̀pá kan, ewé kan. Ọ̀pá náà lè ga ju ènìyàn lọ, ó lè tó ẹsẹ̀ bàtà 6 títí dé 10. Ewé orí rẹ̀ lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ.

Ọ̀nà tí ó gbà ń bí sí i ni pé ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ń rìn. Lónìí ó wà níhìn-ín, lọ́dún tó ń bọ̀ ó ti nà dé ọ̀hún. Ẹni tó bá gbin ìdí kan lè di olówó ìdí púpọ̀ bí kò bá kánjú.

Eéran ní ìbátan. Ewé gbòdógì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ a sì máa yí láti ìlú kan dé èkejì. Nítorí náà, kí ẹ tó gbìn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá eléwé kan tó dàgbà. Kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó wí fún yín pé, "Èyí ni." Ìyá bẹ́ẹ̀ lè máà mọ̀wé, ṣùgbọ́n nípa ewé, òun ni ọ̀gá.

IBI TÍ A ÓÒ GBÌN ÍN SÍ

Ohun mẹ́ta ni eéran ń fẹ́: ibòòji, ilẹ̀ tó ní ọ̀rá, àti ọ̀rinrin.

Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ṣé igi máńgòrò wà níbẹ̀? Ṣé igi obì wà, tàbí igi ọsàn, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti di igbó? Abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí. Ẹni tó bá ní oko kòkó ti ní ibi tó dára jù lọ. Ibòòji tí kòkó ń ṣe, ibòòji tí eéran ń fẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kọjá lórí rẹ̀ á wá di ilẹ̀ tó ń mú owó wá.

Kí ilẹ̀ náà jẹ́ ilẹ̀dú tí ewé ti jẹrà sí. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ iyanrìn tàbí amọ̀ líle, ẹ kó ewé jíjẹrà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ sí i, kí ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Kí ibẹ̀ máa tutù, ṣùgbọ́n kí omi má dúró síbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Èkíní, ẹ má gbìn ín sí ojú ibi tí omi ṣáláńgá ń gbà kọjá. Oúnjẹ ni a óò fi dì. Èkejì, ẹ má gbìn ín sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé. Ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, ejò fẹ́ràn rẹ̀. Kí ó jìnnà sí ilé díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ọ̀pá na ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ẹ̀yin tó wà ní ìhà Ṣakí, Ìsẹ́yìn àti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń pẹ́, iṣẹ́ yín yóò ju ti àwọn ará Oǹdó lọ. Ẹ wá ibi tó sún mọ́ odò, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì múra láti bu omi rin ín.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Ẹ lè gbin kóró rẹ̀, ṣùgbọ́n kóró le, ó sì ń pẹ́ kí ó tó hù. Ìdí rẹ̀ ni ó yá jù láti gbìn. Ẹ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí.

1. Ẹ wá ẹni tó ní eéran nínú oko rẹ̀, kí ẹ tọrọ tàbí kí ẹ rà á. Ẹ má lọ hú u nínú igbó ìjọba. Ẹ má sì hú ìdí kan tán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti gé díẹ̀, kí olówó rẹ̀ má baà pàdánù.

2. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Kí ègé kọ̀ọ̀kan ní oríkèé 2 tàbí 3, kí ó sì ní ọmọ tó ti fẹ́ yọ. Ẹ gé ewé ńlá kúrò lórí rẹ̀, kí ó má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

3. Ẹ fi ewé tútù tàbí àpò tó rin dì í. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa á. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe.

4. Ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ẹni tó gbìn ín ní ẹ̀ẹ̀rùn wá wàhálà.

5. Ẹ gbẹ́ ihò tí kò jìn. Ẹ tẹ́ ègé náà sílẹ̀ gbalaja, ẹ má gbé e dúró bí ọ̀pá ẹ̀gẹ́. Ẹ fi ilẹ̀dú bò ó tó íǹṣì 2.

6. Kí ìdí kan jìnnà sí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Yóò dà bí ẹni pé ẹ fi ilẹ̀ ṣòfò. Ẹ ní sùúrù. Yóò nà, yóò sì kún.

7. Ẹ kó ewé gbígbẹ bò ó, kí ilẹ̀ máa tutù.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ìtọ́jú eéran kò le. Kò fẹ́ kí a máa fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀. Ọkọ́ á gé ara rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa tu koríko ní ọdún kìíní. Nígbà tí ewé rẹ̀ bá ti pàdé lókè, koríko kò ní rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ á lé e.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sì fi kún ewé gbígbẹ tó wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ má sun ewé gbígbẹ náà níná. Ewé tó jẹrà ni oúnjẹ rẹ̀.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá kejì. Ẹ fi ọ̀pá àti imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká títí yóò fi dàgbà.

Ọdún kìíní kì í ṣe ọdún ìkórè. Mo mọ̀ pé ó nira láti máa wo ewé kí a má gé e, pàápàá ní ọjọ́ tí ewé bá wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ẹ jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀. Ẹ̀yin náà kò mọ ìwé kà ní ọjọ́ kan.

BÍ A ṢE Ń GÉ E

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbìn tí kò mọ̀ ọ́n gé, asán ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ewé ni ilé ìdáná ohun ọ̀gbìn. Ewé ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti afẹ́fẹ́, gbòǹgbò ń fún un lómi, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Eéran fẹ́ ibòòji lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ń gba àárín igi wọlé náà ni ó ń lò. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, a kó o pamọ́ sínú ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀, bí a ti ń kó àgbàdo sí àká. Nígbà tí a bá gé ewé, ọ̀pá yẹn kò ní yọ ewé mìíràn mọ́. Inú àká ni ohun ọ̀gbìn náà ti ń mú oúnjẹ tí yóò fi gbé ọ̀pá tuntun jáde. Bí a bá gé gbogbo ewé rẹ̀, ilé ìdáná ti pa, àká nìkan ló kù. Bí a bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àká á gbẹ. Ewé tó bá yọ lẹ́yìn náà á kéré, á fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn èyí, kò ní yọ mọ́. Ohun kan náà tí a sọ nípa trillium ni.

Nítorí náà, ẹ fi òfin yìí sọ́kàn: ẹ fi ewé tó ju ìdajì lọ sílẹ̀ lórí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹ ní ìdí 10, ewé 8 sì wà lórí ìdí kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 80. Ẹ gé 3 lórí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti ní ewé 30 lọ́wọ́, 50 sì kù tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún yín.

Ewé tó ti là, tó ti le, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa ni kí ẹ gé. Èyí tó ṣì ká bí ẹní, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ọ̀pá rẹ̀. Ẹ má fà á tu. Bí ẹ bá fà á, ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lè bá a jáde. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé lórí ìdí kan, ẹ fi í sílẹ̀ títí ewé tuntun yóò fi là tán. Ẹ máa gé e ní ìpín ìpín: ìhà ọ̀tún lọ́sẹ̀ yìí, ìhà òsì nígbà mìíràn.

ÌWÉ ÌṢIRÒ EWÉ

Níbí ni ìwé tí ẹ kọ́ ti wọ ọ̀rọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbin eéran sí i. Nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ẹ máa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ 5, oṣù kẹfà.
Ewé tí mo gé: 30.
Èyí tí a lò nílé: 10.
Èyí tí mo tà: 20.
Owó tí mo gbà: ........
Ẹni tó jẹ mí: ........

Ìlà ìgbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà a máa gba ewé àwìn. Bí a kò bá kọ ọ́, ní ìparí oṣù, ẹlẹ́kọ á ní ìdì 4 ni òun gbà, eléwé á ní ìdì 6 ni. Ọ̀rẹ́ méjì á di ọ̀tá. Orí lè gbàgbé, ìwé kì í gbàgbé.

Ní òpin ọdún, ẹ ro ó pọ̀. Ẹ kò ní máa wí mọ́ pé, "Ó dà bí ẹni pé ewé ń mówó wá." Ẹ óò mọ iye tó jẹ́.

ILẸ̀ TA NI?

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ewé. Ilẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí ọkọ. Ìyàwó á gbin eéran sábẹ́ kòkó ọkọ rẹ̀. Nígbà tí kò tíì mú owó wá, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Nígbà tí owó bá dé, ọ̀rọ̀ lè yí. Àbúrò ọkọ lè wí pé, "Ilẹ̀ bàbá wa ni." Bí ọkọ bá sì kú, wọ́n lè lé opó kúrò lórí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lórí ohun ọ̀gbìn mìíràn.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. N kò wí pé ẹ̀ ń rẹ́ ènìyàn jẹ. Ohun tí mo ń wí ni pé, kí a tó gbin ìdí kan, kí tọkọtaya àti olórí ẹbí jókòó, kí wọ́n sọ ọ́. Ta ló ni ilẹ̀? Ta ló ni ewé? Bí onílẹ̀ bá fẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ṣé eléwé lè wú ìdí rẹ̀ lọ gbìn sí ibòmíràn? Nígbà tí ẹ bá sì sọ ọ́ tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ gùn. Ó lè lọ báyìí:

"Èmi, ........, gbà kí ........ gbin ewé eéran sí abẹ́ kòkó mi. Èmi ni mo ni ilẹ̀. Òun ló ni ewé. Bí mo bá fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, màá sọ fún un ní ọdún kan ṣáájú, kí ó lè wú ìdí ewé rẹ̀."

Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì náà fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, àtàǹpàkò ni ẹ máa ń tẹ̀ sí ìwé tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ lè kà á kí ẹ tó kọ orúkọ yín. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ìwé lè ṣe fún àgbà, èyí wà nínú rẹ̀.

ÈSO TÓ DÙN JU ṢÚGÀ LỌ

Ó ku ohun kan. Ẹ wo ìdí eéran, níbi tí ọ̀pá ti kan ilẹ̀. Ẹ óò rí èso pupa tó ní igun 3. Ẹ là á. Kóró dúdú wà nínú rẹ̀, kì í ju 3 lọ. Ohun kan tó rọ̀, tó ń yọ̀, bo ara kóró náà. Ẹ fi ahọ́n kàn án. Adùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Kì í ṣe agbáyun o. Agbáyun ń sọ ohun kíkan di dídùn. Èyí dùn fúnra rẹ̀.

Ní 1855, dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Freeman Daniell kọ̀wé nípa èso yìí. Ó ní àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń fi í mú ẹmu tó ti kan dùn. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi kún orúkọ tí wọ́n sọ eéran: Thaumatococcus daniellii. Ní 1972, àwọn onímọ̀ yọ ohun tó ń mú un dùn jáde, wọ́n ń pè é ní thaumatin. Bí a bá wọ̀n wọ́n pọ̀, ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000 sí 3,000. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń fi í sínú oúnjẹ àti oògùn kí ó lè dùn lẹ́nu.

N kò wí pé kí ẹ máa retí òyìnbó tí yóò wá ra èso lẹ́yìnkùlé yín. Ewé ni owó wà nínú rẹ̀ fún wa. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú igbó, àwọn ẹlòmíràn ti fi ojú ìmọ̀ wò ó. Kí àwa tó ni ín má fojú di í.

Ọ̀RỌ̀ ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará mi, n kò wí pé kí ẹ fi oko ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kí ẹ máa gbin ewé. Ìdí 5 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìdí 5 ní ọdún yìí, tó sì tọ́jú rẹ̀, yóò ní èyí tí yóò fún aládùúgbò rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Bí ilé mẹ́wàá ní àdúgbò kan bá gbìn ín, ìyá eléwé kò ní jí lọ sínú igbó ní òkùnkùn mọ́, igbó tó kù á sì mí.

Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo abẹ́ igi yín lónìí. 

ÌBÉÈRÈ TÍ Ẹ LÈ JÍRÒRÒ LÉ LÓRÍ

1. Irú ibi wo ni eéran fẹ́ràn láti gbé? Ṣé ibẹ̀ wà nílé yín?
2. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ gé gbogbo ewé orí ìdí kan tán?
3. Bí ẹ bá ní ìdí 12, tí ewé 7 wà lórí ìdí kọ̀ọ̀kan, ewé mélòó ni? Bí ẹ bá gé 3 lórí ìdí kọ̀ọ̀kan, mélòó ni yóò kù?
4. Ní ìlú yín, ta ló ni ohun tí ìyàwó gbìn sí ilẹ̀ ọkọ? Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?
5. Ẹ kọ ìwé àdéhùn kékeré láàárín onílẹ̀ kan àti eléwé kan. Ẹ kà á fún ẹni tó jókòó tì yín.